Tó o bá fẹ́ wọ Navy SEAL, inú omi ni kó o kọ́kọ́ lọ, fi jíìmù sílẹ̀ ná

Oṣù kan ò lè lọ kí ọmọ kan má bi mí léèrè ọ̀rọ̀ SEAL, ìyẹn àwọn àkànṣe sójà inú Navy, ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Wọ́n á wá bá mi níbi púùlù tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa lúwẹ̀ẹ́ ní Houston níbí, apá á ki, àyà á yọ, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ṣe SEAL, push-up mélòó ni kí n máa ṣe lóòjọ́? Èmi á ní ṣé o mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́? Ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Ẹ̀rín yẹn náà ni mo fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Kí n tètè sọ tèmi kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mò ń fọ́nnu. Èmi ò ṣe SEAL o. Ọdún mẹ́fà ni mo lò nínú Navy, inú ọkọ̀ ni mo wà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì dán ìdánwò àkọ́kọ́ wọn wò. Lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, 500 yáàdì. 12:30, ìyẹn ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 30, ni wọ́n fẹ́, 13:40 ni mo fi dé òpin, ó parí nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ bojú wo push-up mi, èmi tí mò ń ṣe 90 nígbà yẹn láìmí hẹlẹ. Nǹkan tí mo fẹ́ sọ níbí, ibi tí mo ti ṣubú ni mo ti kó díẹ̀ níbẹ̀, ìyókù mo kó o lára àwọn ọmọ tí mo ti kọ́ tí wọ́n sì gba ibẹ̀ kọjá.

Wo ìwé ẹ kó o tó ra bàtà

Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìkan ló lè ṣe SEAL. Green card ò tó. Green card lè mú ẹ wọ Navy lásán lóòótọ́, kó o máa ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀, kó o tibẹ̀ di ọmọ ìlú, torí ọ̀nà ológun yẹn máa ń yá ju ti ará ìta lọ, tó o bá wá di ọmọ ìlú tán o lè béèrè látinú ibẹ̀ pé o fẹ́ lọ dán SEAL wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sílé tí wọ́n kó wá síbí ní kékeré ni ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rí báyìí, wọ́n á ti fi ọdún kan gbáko sáré kí ẹnì kan tó sọ fún wọn.

Ọjọ́ orí, láti 17 dé 28. Ẹni tó jẹ́ 17, òbí ẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó ti lé díẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbójú fò ó, àmọ́ má fi ìyẹn ṣe ìgboyà. Láti 2016 ni wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún obìnrin náà, ìdánwò kan náà, aago kan náà, wọn ò dín kankan kù fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó máa ń ká àwọn ọmọ wa lára jù nínú ìwé ni ti clearance, ìyẹn ìwádìí bóyá wọ́n lè fi àṣírí ìjọba lé ẹ lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní SF-86, gígùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Wọ́n á béèrè àwọn èèyàn ẹ tó wà nílùú òkèèrè tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, wọ́n á béèrè pásípọ́ọ̀tù mìíràn tó o bá ní, wọ́n á béèrè owó tó ò ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Mọ́mì àgbà tó wà n'Íbàdàn tó ò ń fi àádọ́ta dọ́là ránṣẹ́ sí lóṣooṣù ò lè dínà mọ́ ẹ, irọ́ tó o bá pa nípa mọ́mì àgbà ló lè dínà mọ́ ẹ. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí yẹn mọ̀ pé èèyàn ní ẹbí. Jókòó ti dádì ẹ, kẹ́ ẹ jọ kọ orúkọ wọn àti àdírẹ́sì wọn sílẹ̀ báyìí, torí ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè ẹ, àǹtí kan tó wà ní Cotonou lẹ ò ní rántí.

Genotype, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́

Àwa táa kì í fẹ́ ara wa láì béèrè genotype, ó yẹ ká mọ ìlò ẹ̀ níbí náà. SS ò lè wọṣẹ́ ológun. AS lè wọ̀ ọ́, AS kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá le kọjá ààlà, tí oòrùn mú, tí omi ara gbẹ, tí èèyàn ò sinmi, ẹ̀jẹ̀ AS lè dà á láàmú, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kíndìnrín á forí fá a, àwọn sójà AS kan sì ti kú lẹ́nu ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó o bá jẹ́ AS, sọ fún dókítà, sọ fún ẹni tó ń kọ́ ẹ, bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mu omi, ọjọ́ tí ara ò yá má lọ. Tí ẹsẹ̀ bá deédéé rọ tó ò ń sáré, tí iṣan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ẹ́ bí ẹni tí wọ́n so, dúró. Má ṣe ṣe okùnrin níbẹ̀.

Ojú náà wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó ríran dáadáa, pẹ̀lú awò tàbí láìsí awò, dé ìwọ̀n kan. Tó o bá ti ń fi tẹlifóònù sún mọ́ imú kó o tó rí i kà, lọ rí dókítà ojú kó o tó rí recruiter, ẹni tó ń gbani sínú Navy.

Recruiter, ASVAB, àti ibi tó o fẹ́ fọwọ́ sí

Ìwé ASVAB ni ìdánwò orí, ìṣirò wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ti ẹ̀rọ yẹn ló ń gba àwọn ọmọ tó mọ̀wé lójú, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí púlì ṣe ń gbé ẹrù. Oṣù méjì tó fún un.

Recruiter ní iye ọmọ tó fẹ́ kó sínú Navy lóṣù, má gbàgbé ìyẹn. Èèyàn dáadáa ni ọ̀pọ̀ wọn, àmọ́ tó bá ní "ṣáà wọlé ná, tó o bá délẹ̀ wàá béèrè SEAL", dìde. Ohun tó o fẹ́ rí lórí ìwé ni àdéhùn SO, ìyẹn Special Warfare Operator, kó wà níbẹ̀ ní dúdú lórí funfun kó o tó lọ sí báràkì ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Great Lakes, ní Illinois. Kó o tó rí àdéhùn yẹn gbà ni wàá ti ṣe ìdánwò ara tí wọ́n ń pè ní PST, èyí tó lé mi wálé. Tó o bá ní dìgírì tó o sì fẹ́ lọ bí ọ̀gá, ọ̀nà tìẹ yàtọ̀, ó le jù, àyè ẹ̀ kéré gan-an, wọ́n á kọ́kọ́ pè ẹ́ wá sí Coronado ní California, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ SEAL, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì láti yẹ̀ ẹ́ wò.

PST gan-an

Bó ṣe ń lọ rèé. 500 yáàdì nínú omi, láàárín 12:30. Sinmi ìṣẹ́jú 10. Push-up 50 láàárín ìṣẹ́jú 2. Sinmi ìṣẹ́jú 2. Curl-up, ìyẹn sit-up, 50 láàárín ìṣẹ́jú 2. Sinmi ìṣẹ́jú 2. Pull-up 10, kó o rọ̀ pátápátá kó o tó fà á, kò sí jíjù ẹsẹ̀. Sinmi ìṣẹ́jú 10. Sáré máìlì kan àtààbọ̀ láàárín 10:30. Ìyẹn kéré jù tí wọ́n lè gbà o. Tó bá jẹ́ iye yẹn lo mú wá, wọ́n á kí ẹ, wọ́n á mú ẹlòmíì. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mú òun, kó wọ 9:00 nínú omi tàbí kó dín, kó ṣe push-up àti curl-up bí 80 sí 100, pull-up 15 sí 20, kó sáré bí 9:30. Kó o tó lọ, béèrè lọ́wọ́ recruiter bóyá wọ́n ti yí nǹkan kan padà, torí Navy fẹ́ràn kí wọ́n máa yí ìdánwò padà.

Ṣírò ẹ̀ báyìí. Púùlù tó pọ̀ jù níbí jẹ́ 25 yáàdì, àlọ 10 àbọ̀ 10 ni 500. 12:30 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 37 àtààbọ̀ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó o bá kan ògiri. 9:00 jẹ́ 27. Kọ 27 yẹn sórí ọwọ́ ẹ. Orí ilẹ̀ ńkọ́, táràkì 400 mítà, bí ìgbà mẹ́fà ni máìlì kan àtààbọ̀, 10:30 jẹ́ 1:45 fún ìgbà kan, 9:30 jẹ́ 1:35.

Omi

Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ fà á. Má lọ sódò, omi á gbé ẹ lọ, Yemọja á mú ẹ, ẹ dẹ̀rù bà wá títí a fi di ogún ọdún tí a ò lè léfòó. Àwọn kan á tún ní egungun aláwọ̀ dúdú ló wúwo. Èmi ò bá wọn jiyàn egungun, nǹkan tí mo rí ní púùlù ni pé ọmọ tí bàbá ẹ̀ mú wá ní ọmọ ọdún mẹ́fà ń léfòó, èyí tí wọn ò mú wá ń rì.

Tó ò bá mọ nǹkan kan rárá, má bẹ̀rẹ̀ lórí SEAL, wá ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà ní YMCA tàbí púùlù ìjọba àdúgbò ẹ, sọ fún un pé o fẹ́ léfòó. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí wíwẹ̀. Gba èémí kún àyà, dojú kọ omi, rọ̀, kí apá àti ẹsẹ̀ so kọ́ bí aṣọ tó wà nínú ọpọ́n. Wàá rí i pé ẹ̀yìn ẹ á jáde fúnra ẹ̀. Ìgbà tó o bá fẹ́ fipá jáde lò ń rì. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ lọ́dún tó kọjá, àgbà òjẹ̀ ní jíìmù, ọjọ́ mẹ́rin ló fi di etí púùlù mú bí ẹni tó di ẹ̀ka igi mú lójú àgbàrá. Lọ́jọ́ karùn-ún mo ní kó kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sínú omi, kó fi imú àti ẹnu tú èémí jáde pẹ̀lú orin náà. Ó kọ ẹsẹ kìíní, ó dìde, ó ní ẹ̀gbọ́n omi ò wọmú mi. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan combat sidestroke, ìyẹn lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ara wẹ̀. Wọ́n máa jẹ́ kó o lo èyí tí wọ́n ń ṣe bí ọ̀pọ̀lọ́ náà, àmọ́ sidestroke lo máa fi jẹun níbẹ̀, kọ́ ọ. Ti ara ẹ kúrò lára ògiri, na ọwọ́ méjèèjì síwájú, jẹ́ kí ara yọ́ lọ. Fa ọwọ́ kan wá sí ìtan, bó ṣe ń bọ̀ ni ara ẹ á yí sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹnu á jáde díẹ̀ kó o gba èémí, fa ọwọ́ kejì, da ojú padà sínú omi, gbá ẹsẹ̀ pọ̀ bí àlùmọ́gàjí tó ń gé aṣọ, na ọwọ́ síwájú, yọ́. Yíyọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa kì í ní sùúrù fún un, wọ́n á máa jà bí ẹni tí oyin ń lé, ọwọ́ 28 láti ògiri dé ògiri, nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ń fi ọwọ́ 8 tàbí 9 dé ibẹ̀. Ka ọwọ́ ẹ. Kí iye ẹ̀ dínkù ná, kó o tó máa wo aago. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, orí gbígbé sókè. Orí gòkè, ìdí rì, o wá di ẹni tó ń gun òkè nínú omi. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn, 13:40, mò ń wo ibi tí mò ń lọ bí ẹni ń wakọ̀.

Ìgbà mẹ́rin lọ́sẹ̀, oṣù mẹ́fà. Wọ́n ní ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiwọn, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀sẹ̀ 26 ló jẹ́, lò ó, má sanwó fún ẹni tó ń ta ètò lórí Instagram.

Níbi báyìí, gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n máa ní kó o wẹ 50 mítà lábẹ́ omi láìmí tó o bá dé ọ̀hún, wọ́n á ní kó o ṣe òkìtì kan lábẹ́ omi kó o tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á gbọ́ ìyẹn, wọ́n á lọ máa dá a ṣe ní púùlù ilé wọn ní alẹ́. Ó ń pa èèyàn. Tó o bá mí kíákíá léraléra kó o tó wọlé, ara ò ní sọ fún ẹ mọ́ pé èémí ti tán, iná á kàn kú lójú ẹ lábẹ́ omi, ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ jù ló ń pa. Má dá a ṣe láé. Kì í ṣe kí ọ̀rẹ́ kan máa tẹ fóònù létí púùlù o, kóòṣì tó mọ nǹkan tó ń wò ni. Àwọn gan-an máa kọ́ ẹ níbẹ̀, pẹ̀lú dókítà, o ò nílò kó o mọ̀ ọ́n wá láti ilé.

Orí ilẹ̀, kíákíá

Sísáré, máìlì 15 sí 25 lọ́sẹ̀ tó o bá ti gbóná, má ṣe gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà torí ojúgun ni á kọ́kọ́ dá ẹ dúró. Ẹni tí ojúgun ẹ̀ ti ń dùn kó tó lọ, yanrìn Coronado máa parí ẹ̀. Níbẹ̀ wọ́n á máa sá máìlì mẹ́rin lórí yanrìn pẹ̀lú bàtà sójà àti ṣòkòtò, ìṣẹ́jú 32 ní ìbẹ̀rẹ̀, kó wálẹ̀ sí 30 tó bá yá. Push-up àti pull-up, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun kan péré, bọ́ọ̀lù iṣan tí ẹ̀ ń wá ní jíìmù, ẹrù ni nínú omi. Ẹni tó bá tóbi jù ló máa ń kọ́kọ́ rì.

BUD/S

BUD/S ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ SEAL gan-an, ní Coronado, California, létí òkun Pasífíìkì. Òkun yẹn tutù, kì í ṣe Bar Beach. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fi ń mú ẹ mọ ilé, ọ̀nà mẹ́ta ni, ọ̀sẹ̀ méje méje. Àkọ́kọ́ ni ti ara. Ìkejì ni ti ìmòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́. Ìkẹta ni ti ìbọn, ohun ìbúgbàù àti ogun orí ilẹ̀, apá kan ẹ̀ ní erékùṣù San Clemente. Tó o bá parí ìyẹn, o ò tíì di SEAL o, SQT, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ̀lé e, tún wà níwájú, ọ̀sẹ̀ 26, kí wọ́n tó gún Trident, àmì SEAL, mọ́ ẹ láyà.

Nínú ti àkọ́kọ́ ni Hell Week wà, ọ̀sẹ̀ tó le jù nínú gbogbo ẹ̀. Alẹ́ Sunday ló ń bẹ̀rẹ̀, Friday ló ń parí, bíi wákàtí mẹ́rin lo máa sùn ní gbogbo ẹ̀, lápapọ̀, kì í ṣe lóòjọ́. Wọ́n á sáré ju 200 máìlì lọ, iṣẹ́ ara á ju wákàtí 20 lọ lóòjọ́. Ọkọ̀ rọ́bà lórí, ẹ̀yin mẹ́fà méje tí gíga yín bára mu, kẹ́ ẹ máa fi gbé e sáré, àwọn tó gùn jù ló ń jìyà ọrùn, àwọn tó kúrú ń nà kí ọkọ̀ má já bọ́. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ so apá mọ́ra kẹ́ ẹ sùn sílẹ̀ níbi tí ìgbì ti ń fọ́, títí eyín á fi máa gbá ara wọn. Àwọn tó ń kọ́ yín á dúró lókè pẹ̀lú kọfí gbígbóná, wọ́n á fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lè wá mu ún, kò sí ìbínú.

Aago idẹ kan so síbẹ̀. Ẹni tó bá sú, á lọ lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á gbé fìlà líle ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlà pẹ̀lú ti àwọn tó ti lọ ṣáájú. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ kì í parí, ọ̀pọ̀ wọn ni wọn ò lé, àwọn fúnra wọn ló lu aago. Ohun tí àwọn ọmọ tó kọjá ń sọ fún mi kì í ṣe pé àwọn lágbára jù, wọ́n ní àwọn kì í ro Friday, oúnjẹ tó kàn ni àwọn ń rò, láti oúnjẹ kan dé òmíì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe parí ẹ̀.

Drownproofing ni ti omi tí mo fi ń dán àwọn tèmi wò láìdè wọ́n. Níbẹ̀ wọ́n á de ọwọ́ ẹ sẹ́yìn, wọ́n á de ẹsẹ̀ ẹ, wọ́n á ní kó o wọ inú omi tó jìn jù ẹ́ lọ. Kó o máa rì dé ilẹ̀, ti ilẹ̀, jáde, gba èémí, rì padà, ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó o léfòó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó o wẹ 100 mítà. Kó o ṣe òkìtì síwájú, òkìtì sẹ́yìn. Kó o fi eyín gbé awò omi láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó ti kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sínú omi ní Houston, ó máa mọ̀ pé títú èémí jáde ló ń gbé èèyàn lọ sísàlẹ̀, kò ní bá a jà.

Má lo oògùn agbára kankan. Ọmọ kan kú ní February 2022, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tó parí Hell Week, otútù àyà ló pa á, látìgbà yẹn wọ́n ti mú àyẹ̀wò dókítà le, wọ́n sì ti ń yẹ ìtọ̀ wò fún steroid. Tó ò bá rí èémí mí, tó ò ń wúkọ́ ìfófòó tó ní ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wíwẹ̀, sọ fún wọn. Wọ́n lè dá ẹ padà sí kíláàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn tára ẹ bá yá, ìyẹn kì í ṣe ìkùnà.

Tó o bá lu aago ńkọ́

Kò sẹ́ni tó ń sọ èyí fún àwọn òbí. Tó o bá lu aago, o ò ní wálé o. Ọdún tó o fọwọ́ sí ṣì wà lọ́rùn ẹ, Navy á wá wo ibi tí wọ́n nílò èèyàn, wọ́n á gbé ẹ lọ síbẹ̀, ó lè jẹ́ ilé ìdáná, ó lè jẹ́ ibi kíkun ọkọ̀. Ka apá yẹn nínú àdéhùn pẹ̀lú dádì ẹ kó o tó sáìnì, kí mọ́mì má lọ máa sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti di SEAL kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kan tí mo kọ́ wà ní Norfolk báyìí, ó lu aago ní ọjọ́ Tuesday, Hell Week. Ìpẹtà ló ń ha lára ọkọ̀. Tí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀, púùlù ló ń lọ, ó fi àwòrán aago ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá, 8:52. Mo ní kí ló ń wẹ̀ fún? Ó ní ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i.